Omi Aró, Láti Ìtòkú Dé Ọ̀sà Lẹ́kkí

Ọ̀rọ̀ omi la mú wá fún ẹ̀yin ará Lẹ́kkí láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n orí aṣọ ni yóò ti gbéra.

Ní òpópónà Ẹlẹ́gúṣì ní Lẹ́kkí, ilé gogoro kan wà tí àwọn àlejò láti òkè òkun kì í fẹ́ dé Èkó láìyà wò. Ilé iṣẹ́ ọnà Nike ni. Nǹkan bí 8,000 iṣẹ́ ọnà ló wà nínú rẹ̀, láti orí àwòrán dé orí ère, adìrẹ sì wà láàárín wọn bí ọba. Olóyè Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì-Ìjùmú tí wọ́n bí ní 1951, ló dá a sílẹ̀. Kí ó tó dé Lẹ́kkí ló ti dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ aró rírẹ láìsan kọ́bọ̀. Bí ènìyàn bá tún lọ sí ọjà iṣẹ́ ọnà tó wà ní Jakande, adìrẹ ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn aránṣọ ìgbàlódé àdúgbò yìí ti sọ ọ́ di bùbá, ṣẹ́ẹ̀tì, báàgì, kódà wọ́n ń fi ṣe aṣọ ìjókòó àga.

Adìrẹ ti padà wọ ìgboro, ohun ayọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ṣe ń dé Lẹ́kkí, omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́ àti èyí tí wọ́n fi ṣan án kò kúrò láyé. Ó gba ibòmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa ọ̀nà rẹ̀. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ọjà adìrẹ tó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, Abẹ́òkúta sì wà létí odò Ògùn. Odò Ògùn ń ṣàn lọ sí gúúsù, ó ń gba Akútẹ̀ kọjá, níbi tí ìjọba Èkó ti ń fa omi fún ilé iṣẹ́ omi Àdìyan, ó sì ń já sínú ọ̀sà Èkó. Òṣogbo, ìlú adìrẹ kejì, wà létí odò Ọ̀ṣun, odò Ọ̀ṣun sì ń já sí ọ̀sà Lẹ́kkí ní apá Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà méjèèjì so pọ̀ mọ́ra. Ìlú méjì tó ń rẹ aṣọ láró fún wa, ẹ̀yìnkùlé wa ní Lẹ́kkí ni odò wọn ń parí ìrìn àjò sí. Èyí ló fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ omi aró kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá nìkan tàbí ti Òṣogbo nìkan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ? Láyé àtijọ́, ewé èlú ni. Àwọn ìyá aláró á gún un, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò ńlá fún ọjọ́ mélòó kan títí tí yóò fi kan. Wọ́n ní Ìyá Màpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ló ń ṣọ́ ìkòkò náà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò yẹn gan-an ni àwọn bakitéríà tó ń fún aró ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ègé kéékèèké inú átọ́ọ̀mù. Aró èlú kì í yòrò nínú omi bí kò bá tíì gbà wọ́n. Ìgbà tó bá gbà wọ́n ló tó yòrò, tó sì lè wọ inú òwú. Nígbà náà àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe búlúù mọ́. Ó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé tó ń gbó lọ.

Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí mọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Aṣọ á jáde nínú aró pẹ̀lú àwọ̀ ewé yẹn, wọ́n á gbé e sókè, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, lójú ẹsẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í dú, ó ń dú, ó di búlúù. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà padà lára aró. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ́síjìn kan náà tó ń fún adìrẹ ní àwọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òní yóò padà sí.

Lóde òní, eérú ti dín kù. Kọ́síìkì sódà ló gbapò rẹ̀, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní hydrosulphite ló ń ṣe iṣẹ́ tí bakitéríà ń ṣe tẹ́lẹ̀, aró inú agolo sì gbapò ewé èlú. Ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé aró èlú àtọwọ́dá jáde fún títà, ní 1897. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún lẹ́yìn 1920, òun àti kọ́síìkì ti wọ Abẹ́òkúta, wọ́n sì dá ìjà sílẹ̀. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ ń ya, pé aró ń ṣí. Aláké Ladapo Adémọ́lá Kejì fòfin de kẹ́míkà wọ̀nyí, àwọn ìyá aláró fárígá, wọ́n gba lọ́yà, ọ̀ràn náà sì di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí nígbà náà ni bóyá aṣọ yóò pẹ́, bóyá ọjà yóò tà. Omi kò sí nínú ẹjọ́ náà. Kẹ́míkà náà wà lọ́jà títí dòní, omi ni kò tíì rí ẹni ṣe agbẹjọ́rò fún un.

Kí ló wà nínú omi tí aláró ń dà nù? Àkọ́kọ́ ni kọ́síìkì, tó ń mú kí omi máa ta ọwọ́, tó sì ń gbé òṣùwọ̀n pH rẹ̀ kọjá 11. Òfin ilẹ̀ wa fún omi ilé iṣẹ́ láti 1991 ni pé kí pH wà láàárín 6 sí 9 kí wọ́n tó dà á nù. Èkejì ni hydrosulphite tó ṣẹ́kù, tí kò mọ̀ ju kí ó máa fa ọ́síjìn lọ. Bó bá dé inú odò, ọ́síjìn tí ẹja ń mí ni yóò máa fà. Ẹ̀kẹta ni aró fúnra rẹ̀. Mílígíráàmù kan ṣoṣo nínú lítà omi kan ti tó kí ojú rí i. Bí omi bá sì ti dú, ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í wọ ìsàlẹ̀ mọ́, àwọn ewéko inú omi tó ń pèsè ọ́síjìn fún ẹja á sì máa rọ.

Aró èlú tilẹ̀ sàn díẹ̀. Àwọn àwọ̀ oríṣiríṣi tí a ń rí lára aṣọ kàǹpálà, àwọ̀ pupa, àwọ̀ òféfèé, àwọ̀ ọsàn, wá láti inú ìdílé mìíràn. Láti ìgbà tí William Perkin, ọmọ ọdún 18 ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣèèṣì ṣe aró àtọwọ́dá àkọ́kọ́ ní 1856, àwọn onímọ̀ ti ṣe oríṣi aró tó ju 10,000 lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní azo. Wọ́n ṣe é kí oòrùn má lè pa á, kí ọṣẹ má lè ṣí i, kí òógùn má lè bà á jẹ́. Agbára kan náà tó mú kó wúlò lára aṣọ ló mú kó ṣòroó parẹ́ nínú omi. Bí ó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀ tí kò sí ọ́síjìn, bakitéríà lè já a sí méjì, ohun tó sì máa ń jáde nínú àwọn kan lára wọn ni kẹ́míkà amine tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Nítorí èyí ni àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin ní 2002 pé aró azo tó bá lè tú amine 22 kan tí wọ́n dárúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ kan aṣọ tó ń kan ara ènìyàn.

Ẹ wá wo irú ilẹ̀ tí Lẹ́kkí wà lé. Ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì, iyanrìn láàárín. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ ti kan omi. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ sọkawéè tirẹ̀, ilé kan náà ló sì ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni omi ìjọba kò dé. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, omi gọ́tà, omi títì àti omi àgbàlá á di ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ kékeré tó ń rẹ aṣọ tàbí tó ń pa jíínsì láró ní ẹ̀yìnkùlé ní irú àdúgbò báyìí, omi tó ń dà sílẹ̀ kò ní ibi jíjìn kan tó ń lọ. Inú iyanrìn kan náà tí ẹ̀rọ ti ń fa omi ìwẹ̀ ló ń lọ.

Àwọn ọ̀nà àtijọ́ láti tún irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe kò ṣàìsí. Wọ́n lè da álọ́ọ̀mù sí i kí aró ṣù kó rì. Wọ́n lè fi èédú tàbí amọ̀ sẹ́ ẹ kí aró lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́, kò sì yẹ ká fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, pàápàá fún aró tí kì í yòrò. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó gbá ìdọ̀tí yàrá sí pálọ̀. Aró ti kúrò nínú omi, ó ti wà lára èédú, níbo ni èédú fẹ́ lọ? Tí wọ́n bá kó o dà sí ààtàn, òjò á padà fọ̀ ọ́ sínú gọ́tà. Bakitéríà tí wọ́n ń lò fún omi ìgbọ̀nsẹ̀ kò fẹ́ràn aró, wọn kì í sábà lè jẹ ẹ́. Bíléèṣì lè pa àwọ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n klorínì inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ègé aró tó já, ó sì ń sọ wọ́n di kẹ́míkà mìíràn tí kò dára.

Ọ̀nà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í gbé aró kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ó ń tú u ká.

Ní 1987, William Glaze àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó oríṣi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jọ sí ìdílé kan, nítorí ohun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn. Ohun náà ni hydroxyl radical. Átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kan àti átọ́ọ̀mù háídrójìn kan ló para pọ̀ di í, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sì kù fún un kí ó tó pé. Ó ń wá a lójú méjèèjì. Ohunkóhun tó bá kàn nínú omi, yóò já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ bá wọn agbára yìí ní fólìtì, klorínì jẹ́ nǹkan bí 1.4, hydrogen peroxide nǹkan bí 1.8, ósóònù nǹkan bí 2.1, hydroxyl sì jẹ́ 2.8. Kì í pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó ti rí nǹkan gbá mú. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè rà á nínú ìgò. Inú omi tí a fẹ́ tún ṣe gan-an la ti gbọ́dọ̀ ṣe é.

Tó bá kan aró èlú, ibi tí ó kọ́kọ́ ń já ni ìdè tó wà láàárín mólékù náà, ibẹ̀ gan-an ni àwọ̀ búlúù ń gbé. Mólékù á já sí méjì, àwọ̀ á lọ. Bí hydroxyl bá ń wá síwájú sí i, yóò máa já ègé náà sí kékeré títí tí yóò fi di omi, afẹ́fẹ́ carbon dioxide àti iyọ̀ díẹ̀. Ọ́síjìn díẹ̀ ló sọ aṣọ di búlúù lórí ìgbátẹ aláró. Ọ́síjìn tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ ló lè sọ omi aró di omi lásán.

Ọ̀nà mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀ dáadáa.

Èkínní jẹ́ ti Henry Fenton, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Cambridge. Ní 1894 ó kọ̀wé pé bí ènìyàn bá da iyọ̀ irin díẹ̀ pọ̀ mọ́ hydrogen peroxide, àdàlú náà lágbára ju èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ. Kò mọ ìdí. Ní 1934 ni Fritz Haber àti Joseph Weiss sọ pé hydroxyl ló ń jáde níbẹ̀. Irin ń fọ́ peroxide, hydroxyl ń jáde, irin yóò sì tún padà ṣiṣẹ́. Ọ̀nà yìí kò gba iná mànàmáná. Dúrọ́ọ̀mù oníke, igi tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rò ó, iyọ̀ irin tí owó rẹ̀ kò wọ́n, àti peroxide ti tó. Àwọ̀ lè lọ láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú.

Ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ kan díẹ̀, kí pH rẹ̀ wà ní nǹkan bí 3, bẹ́ẹ̀ omi aláró ti wà ní òkè 11 nítorí kọ́síìkì. Ásíìdì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹfun tàbí sódà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nígbà tó bá parí, irin yóò sì rì sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀ pupa tó gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ń kó o sí. Ewu kan tún wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré: bí ásíìdì bá kan omi tí hydrosulphite ṣì wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sulphur dioxide á tú jáde, á sì há ènìyàn lọ́nà ọ̀fun. Peroxide tó le tún ń jó awọ ara. Iṣẹ́ oníbọ̀wọ́ àti onígíláàsì ojú ni, ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Kì í ṣe iṣẹ́ inú kíṣìnnì.

Ọ̀nà kejì wá láti Tokyo. Ní 1972, Akira Fujishima àti ọ̀gá rẹ̀ Kenichi Honda tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature: ìmọ́lẹ̀ tó kan titanium dioxide nínú omi lè fọ́ omi náà. Titanium dioxide kì í ṣe ohun àjèjì fún wa. Òun ni ìyẹ̀fun funfun tó wà nínú ọ̀dà funfun ara ògiri ilé yín. Ìtànṣán ultraviolet á lu ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kúrò ní àyè rẹ̀, àlàfo tó ṣẹ́kù á gba ti omi tó wà nítòsí, hydroxyl á sì jáde. Kẹ́míkà kò tán, oòrùn ni epo rẹ̀. Ilẹ̀ Spéènì ti ní ibùdó ìwádìí ńlá ní Almería, níbi tí wọ́n ti ń fi oòrùn tún omi ẹlẹ́gbin ṣe láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Oòrùn Èkó náà ń bẹ fún wa láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ultraviolet. Omi tó bá sì dú púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ kò ní wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ìparí iṣẹ́ ni ọ̀nà yìí wúlò fún, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú aró bá ti lọ. Ìyẹ̀fun náà sì ṣòroó sẹ́ kúrò nínú omi, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tàbí amọ̀. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ní Yunifásítì Redeemer ní Ẹdẹ, ibùdó ìmọ̀ omi kan wà tí wọ́n ń pè ní ACEWATER. Àwọn olùwádìí níbẹ̀ ti da amọ̀ kaolin pọ̀ mọ́ kóró inú ìbẹ́pẹ, wọ́n sun ún pọ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń gba ẹ̀gbin kúrò nínú omi. Wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ lórí bí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ oòrùn. Ẹdẹ kò jìnnà sí Òṣogbo rárá. Ibi tí ìmọ̀ wà àti ibi tí omi aró wà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojúlé kan náà.

Ọ̀nà kẹta ni ósóònù, tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ṣe láti ara ọ́síjìn, tí wọ́n sì ń fẹ́ gba inú omi kọjá. Inú omi oníkọ́síìkì gan-an ló ti ń yára di hydroxyl. Kì í fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ jíínsì ní òkè òkun sì ti ń lò ó láti mú kí jíínsì ṣí. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ tó ń mu dísù á sì mú kí owó rẹ̀ wọ́n. Ilé iṣẹ́ ńlá ló bá mu, kò bá ìyá aláró tó ní ìkòkò mẹ́rin mu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í gbọ́ la dé yìí. Tí àwọ̀ bá ti lọ, wọ́n á ní omi ti mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Hydroxyl tó já mólékù azo sí méjì ti pa àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí peroxide bá tán níbẹ̀, ègé méjì náà ṣì wà nínú omi láìní àwọ̀, wọ́n sì lè burú ju aró tí ojú ń rí lọ. Aró máa ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ègé rẹ̀ tó di afẹ́fẹ́ àti omi lè gba wákàtí púpọ̀. Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní COD, èyí tó ń sọ bí ohun tó ṣì lè jó nínú omi ṣe pọ̀ tó, ni ẹlẹ́rìí tòótọ́, kì í ṣe ojú. Àwọn onímọ̀ tún máa ń gbin irúgbìn sínú omi tí wọ́n tún ṣe, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀dá omi kéékèèké sínú rẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá yóò yè. Iyọ̀ púpọ̀ àti sódà inú omi aró náà máa ń gba hydroxyl mọ́ aró lọ́wọ́, kẹ́míkà á sì tán kí iṣẹ́ tó parí. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá ta fún ìjọba tàbí fún ilé iṣẹ́, tó da omi búlúù sí i lápá kan, tí omi funfun jáde lápá kejì, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n bi í léèrè COD.

Kí wá ni ó ṣeé ṣe fún àwọn aláró wa? Ètò iṣẹ́ wà nínú ìṣẹ̀dá aró fúnra rẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ kò ná wọn ní kẹ́míkà kankan: kí wọ́n kó omi aró jọ sínú táńkì, kí wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Afẹ́fẹ́ yóò pa hydrosulphite, èéfín olóró tó lè gbé jáde á dín kù, peroxide tó lè jẹ á sì dín kù. Afẹ́fẹ́ kan náà yóò sọ aró èlú di búlúù tí kì í yòrò, yóò sì rì sísàlẹ̀. Aró tí wọ́n fowó rà nìyẹn, wọ́n lè kó o padà sínú ìkòkò. Àwọn ilé iṣẹ́ jíínsì ńlá kan lágbàáyé ń gba aró èlú wọn padà nínú omi ìṣanṣọ. Ohun tó bá ṣẹ́kù, omi tó ti mọ́ díẹ̀ àti àwọ̀ kàǹpálà tí kì í rì, ni ọ̀nà Fenton yóò wá dojú kọ. Oòrùn àti titanium lè parí rẹ̀. Bí wọ́n bá pín iṣẹ́ náà báyìí, peroxide tí wọn yóò rà á dín kù gan-an.

Kò sí ìyá aláró kan tó lè dá èyí ṣe, kò sì yẹ ká retí pé kí ó dá a ṣe. Ìlú Tirupur ní gúúsù Íńdíà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà líle. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hun ọ̀pọ̀ lára àwọn síńgílẹ́ẹ̀tì àti T-shirt tí gbogbo ayé ń wọ̀. Omi aró ba odò Noyyal jẹ́ débi pé àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò gbé ọ̀ràn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kìíní 2011, ilé ẹjọ́ gíga Madras pàṣẹ pé kí wọ́n ti àwọn ilé aláró pa, àwọn tó lé ní 700. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà padà sẹ́nu iṣẹ́ ni kí àwọn aláró kéékèèké da omi wọn pọ̀ sí ibùdó ìtúnṣe kan náà, kí kálukú máa san owó ìwọ̀n omi tó bá gbé wá, kí wọ́n sì padà lo omi náà.

Ìtòkú kò tíì dé ibi tí ilé ẹjọ́ yóò ti ilẹ̀kùn pa, kò sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Àwọn aláró ibẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́, wọ́n wà nítòsí ara wọn, irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ibùdó kan tó ní táńkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀dọ́ kan tó kọ́ kẹ́mísírì láti mójú tó o, àti yàrá ìdánwò yunifásítì kan tó ń wọn COD lóṣooṣù, kò kọjá agbára ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ilé ìfowópamọ́ kan tó ń fi adìrẹ ṣe ìpolówó. Àjọ NESREA, tó ń mójú tó òfin àyíká nílẹ̀ wa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ti ní ìlànà fún ilé iṣẹ́ aṣọ láti 2009. Ìlànà tó ń béèrè omi mímọ́ lọ́wọ́ obìnrin oníkòkò mẹ́rin láìfún un ní ibi tí yóò gbé omi náà lọ kì í ṣe ìlànà tó lè ṣiṣẹ́.

Ojúṣe tiwa ní Lẹ́kkí wà nínú owó. Àdúgbò yìí wà lára ibi tí adìrẹ ti ń pa owó dáadáa. Aṣọ tí aláró tà ní Ìtòkú, ìlọ́po owó rẹ̀ ni wọ́n ń tà á lórí ìgbátẹ òpópónà Admiralty Way níhìn-ín. Ilé ìtajà tó bá fẹ́ sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé aṣọ òun kò ba ayé jẹ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí omi aṣọ náà lọ, kí ó sì dá nínú owó ibùdó tó ń tún un ṣe. Oníbàárà náà lè béèrè ṣáájú kí ó tó sanwó. Bí ilé iṣẹ́ ìrẹṣọ bá sì wà ní àdúgbò yín, tí omi aláwọ̀ ń jáde sí gọ́tà, àjọ LASEPA ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ kọ ibi tí ó wà àti ọjọ́ tí ẹ rí i sílẹ̀, kí ẹ tó pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà gbọ́ pẹ̀lú pé ọ̀nà wà tí ó fi lè ṣe é láìdá iṣẹ́ dúró: kó omi jọ, fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, jẹ́ kí aró rì, gbà á padà, kí o tó wá onímọ̀ fún ìyókù. Táńkì àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ẹja, irú èyí tí àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Àjáh ń lò, ti tó láti bẹ̀rẹ̀.